Ifá ló ń kọ́kọ́ jẹ iṣu tuntun



Ọmọ awo kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní Ìpakodò wá bá mi, ara rẹ̀ ò balẹ̀. Ó ra iṣu tuntun ní ọjà Sábó, ó sè é, ó jẹ ẹ́ tán kó tó rántí pé a ò tíì bọ Ifá. "Baba, ṣé mo ti dáràn nìyẹn?"

Èèwọ̀ ni fún babaláwo láti fi iṣu tuntun kan ẹnu kí ikin tó tọ́ ọ wò. Ẹni tó bá ṣèèṣì jẹ ẹ́, kó bẹ Ifá, kó bèèrè ohun tí Ifá máa gbà. Ìyẹn ò ṣòro. Ohun tó ká mi lára ni pé kò mọ ìdí tí a fi ń dúró.

Iṣu tí wọ́n bá tètè wà máa ń lómi nínú, kì í sì í pẹ́ jẹrà. Àgbẹ̀ mọ èyí dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká sọ pé torí rẹ̀ nìkan ni èèwọ̀ fi wà. Àwa tí a kàwé ìtàn fẹ́ràn ká máa fi ìdí kan ṣoṣo pa ọ̀rọ̀ kú. Ní tèmi, ọpẹ́ ni. Ẹni tó fún mi ló yẹ kó kọ́kọ́ jẹ.

Ẹ wo ẹsẹ Ifá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá, nínú ìwé tó gbé jáde ní 1976, pín in sí ìpín 8. Ìpín keje la ti máa ń gbọ́ bí inú ẹni tó dífá ṣe rí: bó bá dára fún un, a jó, a yọ̀, a yin awo rẹ̀, awo náà a sì yin Ifá. Ọpẹ́ kì í dúró lọ́wọ́ ẹnì kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣu ọjọ́ ọdún: Ifá jẹ, awo jẹ, aládùúgbò jẹ, títí kan Àlàájì tó ń gbé ní ìkọjú sílé mi. Kó tó kàn mí, ó ti ku bíbẹ́ méjì.

Wọ̀bìà ni mí tẹ́lẹ̀, ẹ má wulẹ̀ rẹ́rìn-ín. Níbi ìtẹ̀fá, iyán àwo méjì kì í yó mi, dókítà sì ti kìlọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru fún mi. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí Ifá kí n tó bu òkèlè, tí mo sì ń yọ tẹlòmíì sọ́tọ̀ kí n tó jókòó, ọwọ́ mi rọ̀. Mo ti ń mọ ìgbà tí mo yó. Kì í ṣe oògùn o. Ti ilé ìwòsàn ni mo ṣì ń lò.

Ọmọ náà gbé iṣu méjì wá lọ́jọ́ ọdún. Ó pín in káàkiri, kò rántí bu tirẹ̀ títí ìkòkò fi gbẹ.