Ẹ̀wà Tòkúta-Tòkúta: Ẹ̀kọ́ Lórí Ọjà Ṣíà



Ní Amẹ́ríkà, S&P 500 ni wọ́n ń pe àkójọ ṣíà àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá bíi 500. Ẹ̀ka 11 ló pín sí. Ẹni tó bá ra àkójọ yìí ti ra gbogbo ẹ̀ka pọ̀, bí ẹni tó ra ẹ̀wà tòkúta-tòkúta. Bó bá ń fura sí báǹkì ńkọ́? Á yá ṣíà báǹkì, á tà á lójú ẹsẹ̀. Bí owó rẹ̀ bá wálẹ̀, á rà á padà fún ẹni tó ni ín, á sì jẹ èrè tó wà láàárín.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àjàní ra àkójọ ₦100,000. Báǹkì kó ₦20,000 nínú rẹ̀. Ó yá ṣíà báǹkì ₦20,000 tà. Ká ní báǹkì já sí ìdajì, tí ẹ̀ka tó kù ò yẹ̀: ó pàdánù ₦10,000, ó jèrè ₦10,000. Òkúta ti kúrò nínú ẹ̀wà nìyẹn.

Àmọ́ bó bá jẹ́ ₦40,000 ló yá tà, tí báǹkì wá fi ìdajì wọ́n sí i ńkọ́? Èrè ₦10,000, àdánù ₦20,000! Ohun tá a rà ò lè já kọjá òfo. Ohun tá a yá tà, kò sí ibi tí owó rẹ̀ ò lè gùn dé, dandan sì ni ká dá a padà.

Ìjọba náà lè dá sí i. Ní oṣù Kẹsàn-án 2008, àjọ SEC fòfin de irú títà yìí fúngbà díẹ̀ lórí ṣíà ilé-iṣẹ́ ìṣúná 799.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Bí Àjàní bá yá ₦10,000 péré tà, tí báǹkì já sí ìdajì, èló ló pàdánù?