Gbójú Lé, Gbára Lé: Èwo Ni Ti Ọmọdé?

Ẹ tẹ́tí sí ẹ̀rí jíjẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ ó gbọ́ “mo gbàgbọ́ nínú Ọlọ́run.” Ó yéni, ṣùgbọ́n “nínú” yẹn, láti ara èdè Gẹ̀ẹ́sì ló ti wọlé. Ọ̀rọ̀-ìṣe elélà ni “gbàgbọ́”: ó máa ń la ara rẹ̀ sí méjì kí ẹni tí à ń sọ lè jókòó sáàárín. Mo gba Ọlọ́run gbọ́. Mo gbà á gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ló wà ní Jòhánù 3:16 nínú Bíbélì Yorùbá, tó jáde lódindi ní 1884 lẹ́yìn iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. “Gbàgbọ́ pé” ní tirẹ̀ yàtọ̀. Èèyàn lè gbàgbọ́ pé Ọlọ́run wà, kó má sì gba Ọlọ́run gbọ́.

Lẹ́yìn ìgbàgbọ́ ni ìgbẹ́kẹ̀lé, ibẹ̀ sì ni a ti ń da ọ̀rọ̀ pọ̀. Ojú ni “gbójú lé” ń lò. Ohun tí à ń retí ni à ń gbójú lé: owó oṣù, ìlérí ìbátan tó wà lókè òkun. Abájọ tí àgbà fi ní ẹni tó gbójú lé ogún, ó fi ara rẹ̀ fún òṣì ta. “Fọkàn tán” ń fẹ́ ìdánwò ṣáájú: a ní láti mọ ìwà akápò ìjọ dáadáa kí a tó fọkàn tán an. “Gbára lé” ló le jù, torí gbogbo ara ló ń béèrè. Bí ògiri tí o gbára lé bá wó, ìwọ náà di ilẹ̀.

Ẹ wo ọmọ ọdún kan tí ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti pọ̀n. Ìyá ṣì ń wá etí ọ̀já, ọmọ ti fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e lẹ́yìn, ó ti ń tòògbé. Kò bi í pé níbo là ń lọ. Gbígbára lé nìyẹn. Èébú ni òwe wa fi èyí ṣe: ọmọ tí a gbé pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Ṣùgbọ́n ní Mátíù 18, nígbà tí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ń béèrè ta ni ẹni ńlá jù, irú ọmọ kékeré bẹ́ẹ̀ ni Jésù fi sáàárín wọn pé kí wọ́n fi jọ.

Ẹ má wá pe èyí ní “ìwà ọmọdé” o. Ìbáwí nìyẹn, Pọ́ọ̀lù náà sì kìlọ̀ fún àwọn ará Kọ́ríńtì pé kí wọ́n dàgbà ní òye. “Ìgbẹ́kẹ̀lé bí ti ọmọdé” ló tọ́. Kì í sì í ṣe ọ̀lẹ: ọmọ tó bá ṣípá là ń gbé.

Àdúrà tó sọ pé “Olúwa, ìwọ ni mo gbójú lé” kò lòdì rárá. Kí ẹni tó ń gbà á kàn bi ara rẹ̀ léèrè: ṣé Olúwa ni mò ń wò, àbí ọwọ́ Olúwa?