Àròkọ Aláríyànjiyàn: Ǹjẹ́ Ìtọ́jú Abẹ́rẹ́ Àwọn Ará Ṣáínà Ń Ṣiṣẹ́ ní Tòótọ́?

Bí o bá rí irú àkọlé yìí nínú ìdánwò, má kánjú. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò ti yan ìhà kan kí wọ́n tó ka ìbéèrè tán: ẹni tó fẹ́ràn ìṣègùn àtijọ́ yóò ní ó ń ṣiṣẹ́, ẹni tó gbà pé ilé ìwòsàn nìkan ló ní ọgbọ́n yóò ní irọ́ ni. Àwọn méjèèjì yóò pariwo títí ìwé yóò fi kún, olùyẹ̀wò kò sì ní rí ẹ̀rí kan dì mú.

Kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Abẹ́rẹ́ yìí kì í ṣe èyí tí nọ́ọ̀sì fi ń fa oògùn sí ènìyàn lára. Kò ní ihò, kò sì ní oògùn nínú. Ó tín-ín-rín, wọ́n ń gún un sí ojú ibi kan pàtó lára, wọn a sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀ fúngbà díẹ̀ kí wọ́n tó yọ ọ́. Kì í sì í ṣe gbẹ́rẹ́, nítorí pé gbẹ́rẹ́ ní oògùn tí à ń fi ra á. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti kó gbẹ́rẹ́ wọ inú rẹ̀ ti yà kúrò lórí àkọlé.

Lẹ́yìn náà, bi ara rẹ pé: ó ń ṣiṣẹ́ fún àìsàn wo? Ó sì ń ṣiṣẹ́ ju kí ni lọ? Wo bí ẹni tó kọ àpẹẹrẹ yìí ṣe dáhùn.

ÀPẸẸRẸ ÀRÒKỌ

Ó tó ẹgbẹ̀rún méjì ọdún tí àwọn ará Ṣáínà ti ń fi abẹ́rẹ́ tọ́jú aláìsàn. Ní oṣù keje ọdún 1971, James Reston, akọ̀ròyìn New York Times, kọ̀wé láti Beijing pé lẹ́yìn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún òun, abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi dín ìnira inú òun kù. Òkìkí ìtọ́jú náà sì kàn ká Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ṣoṣo ni Reston. Bí ara bá tu ènìyàn lẹ́yìn ìtọ́jú, a kò tíì mọ̀ bóyá ìtọ́jú ló tù ú, tàbí ara rẹ̀ ti fẹ́ yá tẹ́lẹ̀.

Ìdí nìyí tí àwọn olùwádìí fi ń ṣẹ́ gègé pín àwọn aláìsàn sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Wọn a gún àwọn kan bó ti yẹ, wọn a sì fi ẹ̀tàn ṣe ti àwọn yòókù. Ní ọdún 1998, Konrad Streitberger, dókítà ará Jámánì, gbé abẹ́rẹ́ ẹ̀tàn kan jáde. Ẹnu rẹ̀ kú, bó bá sì kan ara, ńṣe ni yóò padà wọnú èèkù rẹ̀, bí ọ̀bẹ tí àwọn eléré orí ìtàgé fi ń gún ara wọn. Aláìsàn yóò rò pé ó wọlé.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀yìn ríro. Ní Jámánì, wọ́n pín ènìyàn 1,162 tí ẹ̀yìn ti ń ro láti ọjọ́ pípẹ́ sí ọ̀nà mẹ́ta. Èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2007. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara tu 47.6 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n gún bó ti yẹ. Nínú àwọn tí wọ́n kàn gún ní òkèèrè awọ, ní ojú ibi tí kò yẹ, ó jẹ́ 44.2. Nínú àwọn tó lo oògùn àti eré ìdárayá bí dókítà ṣe máa ń pàṣẹ, 27.4 péré ni. Abẹ́rẹ́ fi ẹ̀yìn ìtọ́jú dókítà balẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ẹ̀tàn gbé ṣánlẹ̀. Ta ni kí a wá gbè? Jámánì wo ti ìtọ́jú tí ó borí, láti ọdún 2007 sì ni ètò adójútòfò ìlera wọn ti ń san owó rẹ̀ fún ẹ̀yìn àti orúnkún ríro. Ní Ìlú Ọba, ìgbìmọ̀ NICE tó ń tọ́ àwọn dókítà sọ́nà fọwọ́ sí i fún ẹ̀yìn ríro ní ọdún 2009, ó sì yí ọ̀rọ̀ náà padà ní ọdún 2016, nítorí pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín òótọ́ àti ẹ̀tàn kò tó nǹkan.

Ibi tí ìwádìí ti wá náà ṣe pàtàkì. Àwọn kan ṣe àkójọ àwọn ìwádìí abẹ́rẹ́ ní ọdún 1998, wọ́n rí i pé gbogbo èyí tó ti Ṣáínà wá ló ní ó ṣiṣẹ́. Ìdánwò tí ẹnikẹ́ni kì í fìdí rẹmi nínú rẹ̀, ó yẹ kí á yẹ̀ ẹ́ wò.

Ásímà ló kọni lóminú jù. Ní Amẹ́ríkà, nínú ìwádìí tó jáde ní ọdún 2011, wọ́n fún ènìyàn 39 ní oògùn ásímà tòótọ́, oògùn ẹ̀tàn, àti abẹ́rẹ́ ẹ̀tàn. Nígbà mìíràn wọn kò ṣe nǹkan kan fún wọn. Wọ́n fi ẹ̀rọ wọn èémí wọn. Oògùn tòótọ́ fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún kún un. Àwọn mẹ́ta yòókù, nǹkan bí ìdá 7. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n béèrè bí ara ti tù wọ́n tó, àwọn aláìsàn fún oògùn tòótọ́ ní 50, wọ́n sì fún abẹ́rẹ́ ẹ̀tàn ní 46. Ẹnu ní ara ti yá, ẹ̀dọ̀fóró ní kò yá. Ẹni tó bá tìtorí bẹ́ẹ̀ gbé oògùn rẹ̀ jù sílẹ̀ lè má jí lóòórọ̀ ọjọ́ kejì.

ÀKÍYÈSÍ

Ẹni tó kọ àròkọ yìí kò sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́", síbẹ̀ o mọ ibi tó dúró sí. Bí o kò bá rántí iye kan dáadáa, kọ "kò tó ìdajì" tàbí "díẹ̀ ló fi jù ú"; má ṣe dá iye sílẹ̀ fúnra rẹ. Ṣàkíyèsí pẹ̀lú pé "ẹ̀tàn" ló lò, kò lo "jìbìtì". Jìbìtì ni a fi ń gba owó lọ́wọ́ ẹni. Nínú ìwádìí, aláìsàn ti gbà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Fún ìgbìyànjú tìrẹ: "Bí ara bá ti tu aláìsàn, kò kàn wá bóyá ẹ̀tàn ni ìtọ́jú rẹ̀." Kọ àròkọ láti gbè é lẹ́yìn tàbí láti takò ó.