Ojú Ni Ọ̀rọ̀ Wà: Ẹ̀kọ́ lórí Ayọ̀ àti Ìbárẹ́

Ọ̀ràn ayọ̀ ni a fẹ́ gbé yẹ̀wò ní oṣù yìí. Kì í ṣe ayọ̀ ọjọ́ àríyá, tí í bá ìlù dé tí í sì í bá ìlù lọ, ni a ní lọ́kàn, bí kò ṣe ayọ̀ tí í bá ènìyàn dé ọjọ́ ogbó. Bí a bá bi ọ̀dọ́ kan léèrè ohun tí yóò mú ayé rẹ̀ dùn, kò ní pẹ́ dáhùn pé owó ni, tàbí ipò, tàbí kí orúkọ òun kí ó kàn káàkiri. A kò bá a wí, nítorí ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn kí ó wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a bi àwọn tí wọ́n ti rin ọ̀nà náà dé òpin léèrè pẹ̀lú, kí a lè mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bá a.

Ohun tí ó mú wa kọ ẹ̀kọ́ yìí nìyí. Ní ìlú kan tí a ti ṣiṣẹ́ rí, bàbá àgbà kan wà tí ó ti fi iṣẹ́ olùkọ́ gbó, tí ó sì ti fẹ̀yìntì. Aya rẹ̀ ti ṣaláìsí. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní ìlú òkèèrè, wọ́n sì jẹ́ ọmọ rere: kò sí oṣù tí owó wọn kì í dé. Òrùlé rẹ̀ kò jò, oúnjẹ kò sì wọ́n ọn. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni a ń gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá lọ sí kíláàsì ìgbọ́wọ́lé. Àwa a máa ké sí i láti ojú ọ̀nà pé, “Ẹ kú ilé o, Bàbá!” Òun a sì dáhùn pé, “Ẹ kú ọ̀nà o. Ẹ kò ní yà ni?” Àwa a ní, “À ń bọ̀, Bàbá.” Ọ̀rọ̀ “à ń bọ̀” yìí ni a fi lo nǹkan bí ọdún méjì.

Nígbà tí a yà níkẹyìn, àìsàn rẹ̀ ni ó mú wa yà. Bàbá náà di ọwọ́ wa mú, ó wí pé, “Owó àwọn ọmọ mi ń dé, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n owó kò mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ kú ilé nìkan ni mo ń gbọ́.” Kí oṣù náà tó parí, a sin ín. Èrò pọ̀ níbi ìsìnkú náà tó bẹ́ẹ̀ tí ìjókòó kò tó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì wọ ilé rẹ̀ rí nígbà tí ó wà láàyè. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀ràn yìí kò ti jẹ́ kí ọkàn wa sinmi.

I. Ìwádìí kan tí ó fi sùúrù ṣe

Ní ọdún 1938, ní Yunifásítì Harvard, tí ó wà lẹ́bàá ìlú Boston ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, oníṣègùn kan tí a ń pè ní Arlie Bock dá ìwádìí kan sílẹ̀. W. T. Grant, ẹni tí ó ní ọ̀pọ̀ ilé ìtajà, ni ó fi owó ràn án lọ́wọ́. Èrò Bock ni pé àwọn oníṣègùn ti ń fi ọjọ́ pípẹ́ wo ohun tí ń ṣe aláìsàn. Ó tó àkókò kí a wo ohun tí ń mú kí ara ẹni tí ó le kí ó máa le sí i. Wọ́n yan ọ̀dọ́mọkùnrin 268 nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni John F. Kennedy, ẹni tí ó di Ààrẹ Amẹ́ríkà ní 1961.

Ní nǹkan bí àkókò kan náà, Sheldon Glueck àti aya rẹ̀, Eleanor, ń ṣe ìwádìí tiwọn nínú ìlú Boston. Láti inú iṣẹ́ wọn ni a ti rí ọmọkùnrin 456, tí wọ́n wá láti àdúgbò àwọn tálákà. Nígbà tí ó yá, a so ìwádìí méjèèjì pọ̀, iye ènìyàn náà sì jẹ́ 724: àwọn ọmọ ilé ìwé ńlá ní apá kan, àwọn ọmọ òtòṣì ní apá kejì.

Ohun tí ó mú iṣẹ́ yìí ṣe pàtàkì ni sùúrù tí a fi ṣe é. Bí a bá bi arúgbó léèrè nípa ìgbà èwe rẹ̀, yóò sọ ohun tí ó rántí. Ṣùgbọ́n ìgbàgbé ti mú apá kan lọ, ìfẹ́ inú rẹ̀ sì ti tún apá kejì kùn. Àwọn wọ̀nyí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń tẹ̀lé ènìyàn láti ìgbà èwe títí dé ọjọ́ ogbó. Ní nǹkan bí ọdún méjì méjì ni wọ́n ń fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, wọ́n ń bẹ̀ wọ́n wò nílé, wọ́n sì ń bá àwọn aya wọn sọ̀rọ̀. Bí olórí kan bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹlòmíràn a gbà á. George Vaillant gbà á ní 1972, ó sì pẹ́ nídìí rẹ̀ ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Robert Waldinger, olórí ẹlẹ́ẹ̀kẹrin. Àwọn ọmọ tí àwọn ọkùnrin náà bí, tí iye wọn ju 1,300 lọ, wọ inú ìwádìí náà pẹ̀lú.

II. Ohun tí wọ́n rí

Nínú àwọn 724 wọ̀nyí, àwọn kan di amòfin, àwọn kan di oníṣègùn, àwọn kan di oníṣẹ́ ọwọ́, ọtí sì ba ayé àwọn mìíràn jẹ́. Ẹlòmíràn ti ìsàlẹ̀ gòkè. Ẹlòmíràn ti òkè bọ́ sílẹ̀. Nígbà tí a kó ìwé gbogbo wọn jọ, kì í ṣe ọrọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òkìkí, ni ó ya àwọn aláyọ̀ sọ́tọ̀. Àwọn tí wọ́n ní ìdàpọ̀ dídùn pẹ̀lú ẹbí, ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò ni ayọ̀ wọn pọ̀ jù, tí ara wọn le jù, tí ẹ̀mí wọn sì gùn jù.

Ẹ kíyèsí ohun mẹ́rin. Èkínní: àwọn olùwádìí padà wo ìwé àwọn ọkùnrin náà nígbà tí wọ́n jẹ́ ẹni 50 ọdún, láti mọ ohun tí ìbá ti sọ tẹ́lẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ yóò le ní 80 ọdún. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kò sọ ọ́ tó bí ìtẹ́lọ́rùn tí wọ́n ní nínú àwọn ènìyàn tí ó yí wọn ká.

Èkejì kan tọkọtaya arúgbó. Ní ọjọ́ tí ìrora ara bá pọ̀, ọkàn àwọn tí inú wọn dùn sí ìgbéyàwó wọn kò rẹ̀wẹ̀sì. Ṣùgbọ́n ní ti àwọn tí ilé wọn kò tòrò, ìrora ara a tún fa ìrora ọkàn. Kì í ṣe pé àwọn ti ìṣáájú kì í jà. Ahọ́n àti eyín pàápàá a máa jà. Àwọn mìíràn nínú wọn a máa ṣe gbólóhùn asọ̀ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí olúkúlùkù mọ̀ pé bí ọ̀ràn bá le, ẹnìkejì òun kò ní fi òun sílẹ̀, ìjà náà kò pa ìrántí wọn lára.

Ẹ̀kẹta kan ọmọ ìyá. Ní 2007 ni àwọn olùwádìí náà fi hàn pé àwọn tí wọn kò rẹ́ pẹ̀lú àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wọn kí wọ́n tó pé 20 ọdún ni ìbànújẹ́ ọkàn tí ó di àìsàn mú jù kí wọ́n tó pé 50. Kí òbí má ṣe ka ìjà àwọn ọmọ rẹ̀ sí eré lásán.

Ẹ̀kẹrin kan àwọn tí wọ́n fẹ̀yìntì. Àwọn tí inú wọn dùn jù ni àwọn tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ wá ọ̀rẹ́ titun dípò àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Wọn kò jókòó de ọ̀rẹ́ kí ó wá bá wọn nílé.

Kí a má sì ṣe rò pé ọ̀pọ̀ èrò ni à ń wí. Àwọn baba wa ti wí pé ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé ańjọ̀fẹ́; ańjọ̀fẹ́ kú, a kò rí ẹnì kan. Ẹni tí èrò yí ká lè wà ní òun nìkan.

III. Ìdí rẹ̀

Báwo ni ọ̀rẹ́ ṣe lè wọ inú ẹ̀jẹ̀ àti egungun? Àlàyé tí Waldinger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbà pé ó bá a mu ni èyí. Bí ohun ìbínú tàbí ohun ẹ̀rù bá dé bá wa, àyà wa a máa lù kìkì, ara wa a sì múra bí ẹni tí yóò jà tàbí tí yóò sá. Èyí dára, bí ó bá lópin. Bí a bá dé ilé, tí a rí ẹni tí a lè sọ ọ̀rọ̀ náà fún, ara a rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí ẹni sọ ọ́ fún dà bí ọdẹ tí kì í sọ ìbọn kalẹ̀: ara rẹ̀ wà ní ìmúra lọ́sàn-án àti lóru, ìmúra tí kò dópin yìí ni ó sì ń jẹ ara run díẹ̀díẹ̀.

IV. Ìkìlọ̀ fún ẹni tí ń kọ́ni

Kí olùkọ́ má ṣe fi ìwádìí yìí sọ ju ohun tí ó sọ lọ. Àwọn tí a kọ́kọ́ yàn jẹ́ ọkùnrin nìkan, aláwọ̀ funfun ni gbogbo wọn. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ẹni tí ara rẹ̀ le ni ó rọrùn fún láti jáde lọ bá ẹgbẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, ó ṣòro láti fi ìwádìí kan ṣoṣo pinnu èyí tí ó bí èkejì. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí mìíràn wà. Ní 2010, Julianne Holt-Lunstad àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 148 jọ, nínú èyí tí ènìyàn 308,849 wà. Wọ́n rí i pé àǹfààní àtiwà láàyè tí àwọn tí ìdàpọ̀ wọn lágbára ní fi ìdajì ju ti àwọn tí tiwọn kò lágbára lọ. A kò sì gbọdọ̀ torí èyí wí pé owó kò jámọ́ nǹkan. Ẹni tí kò rí oògùn rà kò lè fi ọ̀rẹ́ ṣe oògùn.

V. Bí ó ti kàn wá

A máa ń wí pé ènìyàn ni aṣọ wa, a sì rò pé nítorí bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tí ó dá nìkan wà láàárín wa. Ṣùgbọ́n agbo ilé kò kún bí ti àtijọ́ mọ́. Ọmọ kan wà ní Èkó, èkejì wà ní London. Ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ń gbé ohùn wọn wá, a sì dúpẹ́ fún un. Síbẹ̀, ojú ni ọ̀rọ̀ wà.

Ìkíni jẹ́ ẹwà Yorùbá: kò sí iṣẹ́, kò sí ìgbà, tí a kò ní ìkíni fún. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ni ìkíni jẹ́. Ẹni tí ó dúró ní ẹnu ilẹ̀kùn fún ọdún méjì, bí àwa ti ṣe, kò tíì wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi owó ránṣẹ́ sí òbí, ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi wákàtí kún un, kí ẹ sì bẹ ẹnì kan nítòsí kí ó máa bá wọn jókòó. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ wo ọmọ tí ń dá jẹun lábẹ́ igi ní àkókò ìsinmi. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ẹgbẹ́ wa, tí ẹ ti kọjá ogójì ọdún, ìsinsìnyí ni ìgbà àtigbìn. A kì í gbin ọsàn ní ọjọ́ tí òùngbẹ bá ń gbẹ wá.

Ní ti àwa, gbèsè tí a jẹ bàbá náà kò ṣeé san fún un mọ́. A ti pinnu láti máa san án fún àwọn tí ó kù. Ọjọ́rú, lẹ́yìn iṣẹ́, ni a fi sílẹ̀ fún un, a kò sì fi ohun mìíràn sí i. Bí ẹnì kan bá ní, “Ẹ kò ní yà ni?” a ó yà.

Ìbéèrè fún àṣàrò

1. Ta ni ẹ lè jí lóru bí ọ̀ràn bá dé? Ta ni ó lè jí ẹ̀yin náà?
2. Àgbà wo ní àdúgbò yín ni ẹ ń kí láti ojú ọ̀nà, tí ẹ kò wọ ilé rẹ̀ láti ọdún yìí?
3. Ìjà wo ni ó wà láàárín ẹ̀yin àti ọmọ ìyá yín, tí ó yẹ kí a parí rẹ̀ kí oṣù yìí tó tán?
4. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ọ̀pọ̀ ojúlùmọ̀ àti ọ̀rẹ́ kan tí a gbẹ́kẹ̀ lé? Ẹ fi àpẹẹrẹ láti inú ìlú yín ṣe àlàyé.