Ẹ̀kọ́ Keje: Rọ́bọ́ọ̀tì Ẹlẹ́sẹ̀ àti Rọ́bọ́ọ̀tì Onítáyà

Rọ́bọ́ọ̀tì ni ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà wà nínú rẹ̀ tó ń darí ìrìn àti iṣẹ́ rẹ̀. Oríṣiríṣi ló wà. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó wo èyí tí wọ́n ṣe bí ènìyàn, tó ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn, àti èyí tó ń fi táyà yí lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde ná. Ẹ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, kí ẹ fi ti òsì nìkan dúró. Ṣé ẹ rí i pé ara yín ti kọ́kọ́ tẹ̀ sí òsì kí ẹsẹ̀ ọ̀tún tó kúrò nílẹ̀? Ọrùn ẹsẹ̀ yín náà kò sinmi, ó ń mì díẹ̀díẹ̀ kí ẹ má baà ṣubú. Ara yín ló ń ṣe gbogbo èyí láìjẹ́ pé ẹ rò ó. Rọ́bọ́ọ̀tì kò ní irú ara bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ kéékèèké tó ń mú oríkèé yí, tí wọ́n ń pè ní mọ́tò, ni wọ́n ń fi sí ìbàdí, orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, kọ̀ǹpútà á sì máa ṣírò láìdúró ibi tí ìwúwo ara rẹ̀ dà sí. Bí ìṣirò náà bá pẹ́ díẹ̀, yóò ṣubú lulẹ̀.

Ìdí nìyí tí ṣíṣe rọ́bọ́ọ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ fi gba àwọn ará Jàpáànù lọ́dún púpọ̀. Ní 1973, Ichiro Kato àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Waseda, ní Tokyo, ṣe rọ́bọ́ọ̀tì kan tó ń jẹ́ WABOT-1. Ó rìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó lọ́ra gan-an. Honda, tí àwa mọ̀ mọ́ ọkọ̀ àti jẹnẹrétọ̀, bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1986. Lọ́dún 1996 ni wọ́n fi rọ́bọ́ọ̀tì wọn, P2, han aráyé: ó ga tó sẹ̀ǹtímítà 182, ó sì wọn kílò 210. Ta ni yóò fẹ́ kí irú ẹ̀ wó lu òun? ASIMO, òmíràn tí Honda gbé dé ní 2000, kéré sí i dáadáa. Ó ń gun àtẹ̀gùn, nígbà tó yá ó tilẹ̀ ń sáré. Síbẹ̀, ní 2006, ó ṣubú lórí àtẹ̀gùn níṣojú àwọn èrò tó wá wò ó.

Onítáyà kò ní wàhálà yìí. Bí bátìrì rẹ̀ tilẹ̀ kú, á kàn dúró síbi tó wà ni. Nítorí náà, òun ló kọ́kọ́ wọ inú ilé. Roomba, tí iléeṣẹ́ iRobot ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2002, jẹ́ ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tó ń gbá ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Àmọ́ kò lè gun àtẹ̀gùn. Ní ti ẹlẹ́sẹ̀, NAO, rọ́bọ́ọ̀tì tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Faransé, ní ẹsẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n kò ga ju sẹ̀ǹtímítà 58 lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti fi í díje bọ́ọ̀lù níbi ìdíje RoboCup. Lójú tèmi, ó dára fún ẹ̀kọ́ gan-an, torí bó bá ṣubú, ó lè dìde fúnra rẹ̀.

Kì í ṣe inú ilé nìkan ni wọ́n ti nílò rọ́bọ́ọ̀tì. Ní 2011, omi òkun ya wọ iléeṣẹ́ iná átọ́míìkì ní Fukushima, ní Jàpáànù. Ìtànṣán olóró kò jẹ́ kí ènìyàn lè wọ àwọn ibì kan níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí, DARPA, àjọ ìwádìí ológun Amẹ́ríkà, ṣètò ìdíje fún rọ́bọ́ọ̀tì tó lè ṣiṣẹ́ níbi tí ewu bá wà. Àṣekágbá rẹ̀ wáyé ní Pomona, ní California, lóṣù kẹfà ọdún 2015. Ẹgbẹ́ 23 ló wá. Rọ́bọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ wa ọkọ̀, kó ṣílẹ̀kùn, kó gé ihò sára ògiri, kó sì gun àtẹ̀gùn, láìsí okùn tó máa gbà á dúró. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣubú yakata. DRC-HUBO, láti yunifásítì KAIST ní Gúúsù Kòríà, ló gba ipò kìíní. Ó ní ẹsẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n táyà wà ní orúnkún rẹ̀. Níbi tí ilẹ̀ bá tẹ́jú, á kúnlẹ̀, á yí lọ. Bó bá dé ìdí àtẹ̀gùn, á dìde dúró. Mílíọ̀nù 2 dọ́là ni wọ́n fi ta ẹgbẹ́ náà lọ́rẹ.

Ní báyìí tí ẹ ti mọ bí ìrìn ẹsẹ̀ méjì ṣe ṣòro tó fún rọ́bọ́ọ̀tì, bí ẹ bá rí fídíò kan lórí fóònù níbi tí rọ́bọ́ọ̀tì ti ń jó, ẹ wo ilẹ̀ tó dúró lé bóyá ó tẹ́jú, kí ẹ sì wò ó bóyá ẹnì kan wà nítòsí tó ń darí rẹ̀.