Ọwọ́ Òsì Ni Kó Ṣáájú

Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, ọwọ́ òsì la fi ń fà á mọ́ra. Ọ̀pọ̀ òbí ń lo òwe yìí bí ẹni pé ìbáwí ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wáyé, kí ìfàmọ́ra tó tẹ̀ lé e. Lójú tèmi, ìfàmọ́ra ló yẹ kó ṣáájú, ohun tó sì fi èyí hàn jù ni ìbáwí tí àwọn òyìnbó ń pè ní time-out: ká mú ọmọ tó ṣẹ̀ kúrò nídìí eré, ká fi í jókòó sójú kan fún ìṣẹ́jú díẹ̀, láìnà án, láìbú u. Arthur Staats, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ọmọ Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó gbé e kalẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ọmọ tirẹ̀ ló fi dán an wò. Ohun tó ń mú un ṣiṣẹ́ ni pé ọmọ pàdánù ohun tó dùn mọ́ ọn, ó sì ń fẹ́ padà síbẹ̀. Nínú ilé tí ẹnikẹ́ni kì í ti í bá ọmọ ṣeré, tí a kì í yìn ín, tó jẹ́ pé ariwo ló ń gbọ́ láàárọ̀ lálẹ́, kí la fẹ́ mú un kúrò nínú rẹ̀? Ìjókòó náà tiẹ̀ lè di ìsinmi fún un.

Àwọn kan á ní ìkúnlẹ̀ kọjú sógiri ayé ọjọ́sí náà ni. Rárá o. Ọmọ tó kúnlẹ̀, tó na ọwọ́ sókè títí apá fi ń gbọ̀n, orúnkún tó ń ro ó ló ń rò, kò ráyè ro ohun tó ṣe. Time-out kò gbọdọ̀ dun ọmọ lára, kò sì gbọdọ̀ dójú tì í. Ìkìlọ̀ kan, ìṣẹ́jú kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan tó ti lò láyé (ọmọ ọdún 4, ìṣẹ́jú 4), níbi tí ojú wa ti tó o, láìsí ìwàásù. Àpótí létí ògiri ti tó, kódà nínú ilé oníyàrá kan. Bó bá parí, ó parí nìyẹn: ká pè é padà, ká sì yìn ín fún ohun rere àkọ́kọ́ tó bá ṣe. Títi ọmọ mọ́ inú òkùnkùn kì í ṣe ìbáwí, ìdẹ́rùbà ni.

Wọ́n á ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, pé pàṣán la sì fi ń kọ́ ọmọ. Òótọ́ ni òwe yẹn, àfikún rẹ̀ ni mi ò gbà. Ní ọdún 2016, àwọn olùwádìí méjì, Elizabeth Gershoff àti Andrew Grogan-Kaylor, kó àbájáde ìwádìí 75 jọ, èyí tó kan ọmọ tó lé ní 160,000. Àwọn tí wọ́n ń gbá nídìí ni ìwà ìjà àti agídí pọ̀ lọ́wọ́ wọn jù. Ẹnì kan lè sọ pé ọmọ tó ti le tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń nà. Síbẹ̀, àwọn olùwádìí náà kò rí i pé nínà tún un ṣe. Fún Yorùbá tó ń gbé ní Scotland tàbí Wales, òfin ti bọ́ sí i: Scotland fòfin de nínà ọmọ ní 2020, Wales ní 2022.

Ìbẹ̀rù pé ọmọ á rò pé a kọ òun sílẹ̀ ni mo bọ̀wọ̀ fún jù. Àwọn olùwádìí ní Michigan, ní Amẹ́ríkà, wo nǹkan bí ìdílé 1,400, láti ìgbà tí ọmọ wà ní nǹkan bí ọdún 3 títí ó fi dé kíláàsì karùn-ún. Wọn kò rí i pé time-out ba ọkàn tàbí ìwà ọmọ jẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ebi ń pa, tí oorun ń kùn tàbí tí ẹ̀rù ń bà kò ṣẹ̀. Ẹ gbé e mọ́ra. Bí ìyá àgbà bá sì wà nílé, ẹ bá a sọ̀rọ̀ ṣáájú, kó má baà gbé ọmọ kúrò lórí àpótí kí àkókò tó pé. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ òun ni yóò máa pe ọmọ padà.