Eegun Àwọn Ìyá Wa àti Ìfúnpá Ẹ̀jẹ̀

Bí a bá kọjá ní Ìkọ̀lé, ní Ọ̀yẹ́ tàbí ní Ìdó ní ọjọ́ ọjà, a kò lè ṣàì rí ìyá arúgbó tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀. A a máa wí pé ogbó ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́.

Ohun alààyè ni eegun. Lójoojúmọ́ ni ara ń wó apá kan rẹ̀ tí ó sì ń tún un mọ, bí a ti ń rẹ́ ògiri tí òjò bá jẹ. Họ́mọ́ọ̀nù tí à ń pè ní estrogen ni kì í jẹ́ kí wíwó ju mímọ lọ. Nígbà tí nǹkan oṣù bá dúró, estrogen a dínkù, eegun a sì di ẹlẹ́gẹ́. Ní ọdún 1941 ni Fuller Albright, oníṣègùn ará Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé èyí.

Nítorí náà ni àwọn dókítà ṣe ń fi estrogen tọ́jú irú ìyá bẹ́ẹ̀. Ó ń ran eegun lọ́wọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò mọ síbẹ̀. Bí a bá gbé e mì, ẹ̀dọ̀ a tú angiotensinogen sínú ẹ̀jẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Renin, tí ń ti inú kíndìnrín wá, tí Tigerstedt àti Bergman ṣàwárí ní Sweden ní ọdún 1898, a gé e sí wẹ́wẹ́. Láti ara rẹ̀ ni angiotensin ti ń jáde. Èyí ń fún òpó ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ó sì ń pe aldosterone jáde láti ara ohun kékeré tí ó dé kíndìnrín lórí bí fìlà. Aldosterone ni ń dá iyọ̀ àti omi dúró nínú ara. Ìdí nìyí tí ìfúnpá àwọn ìyá mìíràn fi ń ga, bí kì í tilẹ̀ ṣe ti gbogbo wọn. Estrogen tí a lẹ̀ mọ́ awọ ara kì í ru ẹ̀dọ̀ sókè tó bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 2002, ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé estrogen tí a pò mọ́ progestin ń dín ṣíṣẹ́ eegun ìbàdí kù, ṣùgbọ́n ó ń fi kún àrùn rọpárọsẹ̀ àti jẹjẹrẹ ọmú.

Báwo ni èyí ṣe kàn wá? Ọmọ tí a ń kọ́ ni yóò gbé ọ̀rọ̀ délé fún ìyá àgbà. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ ọ pé kí ìyá àgbà má ṣe ra oògùn eegun láàrin ọjà. Kí ó lọ sí ilé ìwòsàn, bí èyí tí ó wà ní Ìdó-Èkìtì, kí wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì máa wọ̀n ọ́n lẹ́yìn náà. Kí ó máa jẹ ẹja wẹ́wẹ́ teegunteegun, kí ó sì dín iyọ̀ kù. Ẹni tí ń rẹ́ ògiri kò gbọdọ̀ gbàgbé òrùlé. Kí Olúwa dá àwọn ìyá wa sí fún wa.